Ẹ̀gbin Inú Àpótí Irin

Nígbà tí Abena gbé kọ̀ǹpútà náà padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, kò kí ẹnikẹ́ni. Orí itan ló gbé e lé láti Tema, nínú ọkọ̀ èrò tróótróó, bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Ó gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́ Afeefah, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sabon Zongo, ó sì nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ó tún kú," ló wí, ní èdè Twi tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ. "Ìdíje ni mo wà. Góòlù kejì ló kù kí n gbá wọlé, ló bá kú fíì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Gbogbo àwọn tó ń wò mí ló bú sẹ́rìn-ín."

Òṣìṣẹ́ báńkì ni Abena, ṣùgbọ́n bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, géèmù bọ́ọ̀lù ló máa ń gbá pẹ̀lú àwọn ará Kumasi àti Takoradi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Afeefah ló to kọ̀ǹpútà náà fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fáànù mẹ́ta tó ń tan iná búlúù. Kò tíì to èyí tó rẹwà bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì sí iṣẹ́ tó tíì dójú tì í tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, ooru ló fura sí. Ó tú fáànù orí ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ó nu ìpara tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, ó fi tuntun sí i. Nígbà kejì, ó ní bóyá iná ilé Abena ni, torí ọdún náà ni dumsọ le jù, tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ káàkiri Accra. Ó yá a ní sítábíláísà. Asán ni. Bí Abena bá ń tẹ lẹ́tà tàbí tó ń wo fíìmù, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti fi géèmù sí i báyìí, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí yóò fi kú pátápátá, láìkọ ohunkóhun sójú.

Lọ́tẹ̀ yìí, Afeefah ní kí Abena fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ó yọ káàdì tó ń ya àwòrán géèmù, ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó gbá géèmù níbẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Kò sí wàhálà. Ó pààrọ̀ mẹ́mórì; kò yí nǹkan kan padà. Páwà nìkan ló kù, ìyẹn àpótí irin tó ń gba iná láti ara ògiri, tó ń pín in fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Afeefah kò fẹ́ kó jẹ́ páwà. Ọ̀dọ̀ Àlhájì Àkànó ló ti rà á.

Ó gbé imú sún mọ́ ihò fáànù rẹ̀. Òórùn kan ta lu imú rẹ̀, bí ẹja gbígbẹ tó jóná, bí ìtọ̀ eku. Ó fa orí sẹ́yìn.

A kì í dédé tú páwà, torí iná máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò lára iná, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó tó mú síkúrúdíráfà. Ó kọ́kọ́ fi èékánná họ etí ìwé tó wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ wáàtì 750 sí. Ìwé náà ṣí. Ìwé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti pọ́n: wáàtì 300, tí kò lè gbé géèmù.

Ó tú u. Òkú aáyán mẹ́ta ló kọ́kọ́ já bọ́ sórí tábìlì. Ẹyin aáyán tò sára wáyà bí ìrẹsì, irun eku sì lẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó yẹ kí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ ti wú. Omi kan ti ṣàn jáde lára wọn, ó sì ti dì bí ọyún ojú egbò. Ní igun kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta sìmẹ́ńtì kékeré kan mọ́ ọn, kó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rà á.

 Afeefah sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó tutọ́, ó tún tutọ́. Ọwọ́ yìí ló fi gbé nǹkan náà lọ́jọ́ tó to ẹ̀rọ. Ọwọ́ yìí kan náà ló fi jẹ kẹ́ńkẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àlhájì Àkànó àti bàbá Afeefah ló jọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Accra. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Àlhájì ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kò sí ẹni tí Afeefah fọkàn tán tó Àlhájì. Ó wé páwà náà sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ lọ sí ọjà Okaishie.

Wáákyé ni Àlhájì ń fọwọ́ jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó dé. Aṣọ ìkélé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí díẹ̀, Afeefah sì rí Múdàṣírù, àbúrò Àlhájì, tó jókòó sáàárín òkìtì àpótí irin tó ti dípẹtà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń ha ìdọ̀tí ara wọn kúrò. Ìdì ìwé tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú páálí tuntun.

"Afeefah mi, wá jẹun," ni Àlhájì wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá." Ó kúnlẹ̀, ó tú ọ̀rá náà níwájú rẹ̀. Òkú aáyán kan já bọ́ lẹ́bàá abọ́.

Àlhájì wò ó. Ó fi ìka ta aáyán náà dànù, ó sì fi ìka kan náà bu wáákyé sẹ́nu.

"Ta ló ní kó o tú u?"

"Ó ń kú, Bàbá. Kọ̀ǹpútà géèmù ni mo fi í sí."

"Háà, géèmù! Kí ló dé tó ò sọ? Ǹ bá fún ọ ní ojúlówó. Ti àwọn tó ń tẹ lẹ́tà lásán ni mo kó fún ọ."

Afeefah gbójú sókè. "Ẹ ní ojúlówó?"

"Mo ní in. Ṣé gbogbo èèyàn ló mọ ìyàtọ̀ ni?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ wa ni ọ́. Mú méjì lọ, má sanwó. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ níta o. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní ní Àkànó ni, wọ́n á ní gbogbo wa ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Múdàṣírù dá búrọ́ọ̀ṣì dúró, ó wolẹ̀.

"Bàbá," ni Afeefah wí, "ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ fi ń jẹun yìí náà lẹ fi tà á fún mi." Ó dìde. Kò mú ọ̀kankan.

Lójú ọ̀nà, ìríra náà kò dúró lára Àlhájì nìkan. Afeefah rántí ọjọ́ tó ra páwà mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i lọ́jọ́ náà pé wọn ò lẹ páálí ọ̀kan dáadáa. Ó rí ojú ìka èèyàn lára irin tó yẹ kó mọ́ tónítóní. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gbójú kúrò, torí pé ọjà náà pọ́kú.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra páwà níbòmíràn. Ó ní kí wọ́n ṣí páálí níṣojú òun, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ẹja. Ó gbé e dé Tema, ó fi sí i, Abena sì gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ́jú.

Afeefah wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Abena gbọ́ títí.

"Ṣé o mọ̀ nígbà tó o fi í sí i?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó yẹ kó jẹ́ kí n wádìí, mo gbójú kúrò."

Abena yíjú sí ẹ̀rọ náà. "Yàrá tí ọmọ mi ń sùn ló wà," ló wí. "Bó bá gbiná ńkọ́?" Kò pariwo. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò fi omi lọ̀ ọ́.

Afeefah pe àwọn oníbàárà márùn-ún yòókù tó fi páwà Àlhájì sí ẹ̀rọ wọn. Ó pààrọ̀ ti mẹ́rin. Ẹnì karùn-ún pè é ní olè, ó sì pa fóònù. Kó tó di ọjọ́ kẹta, Àlhájì ti ránṣẹ́ sí Àgbékẹ́, ìyá Afeefah, pé ọmọ rẹ̀ rí òun fín. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ bẹ̀bẹ̀. Afeefah ní òun á kí i o, òun ò ní bẹ̀ ẹ́.

Nígbà ọdún Iléyá, gbogbo ẹbí lọ kí Àlhájì. Afeefah kúnlẹ̀, torí pé àgbà ni. Àlhájì rẹ́rìn-ín músẹ́ níṣojú gbogbo èèyàn, ó fọwọ́ mú ẹran ńlá kan nínú abọ́, ó nà án sí i.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ló wí. "Mo ti yó."

Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀.