Ibi Tí Wúfà Ti Dùn Jù

"Mo ní gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò níbẹ̀! Ṣé etí rẹ di ni?"

Ọkọ mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àti orúnkún ló fi ń rá kiri pálọ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn, odidi awakọ̀ àjàgbé tó ti hewú. Etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Wúfà ló fà á. Sípíkà gíga méjì wà nílé tẹ́lẹ̀, ohùn wọn mọ́, àmọ́ ó ní wọn ò nídìí, orin wọn ò wọ òun léegun. Ló bá gbé àpótí dúdú kan wálé pé yóò máa bá wọn dún ohùn ìsàlẹ̀. Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Bó bá gbé e sí igun yìí, àjà á máa gbọ̀n. Bó bá gbé e sí tọ̀hún, a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ń pààlà síbi tí ohùn sípíkà ti parí tí ti wúfà bẹ̀rẹ̀, títí àmì ara rẹ̀ fi pa rẹ́. Sísọ́ọ̀sì mi ń dá rìn lórí tábìlì.

Ni ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe bá kọ́ ọ lọ́gbọ́n: kó gbé wúfà sórí àga tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí, kó jẹ́ kí orin máa lọ, kó wá máa rá kiri yàrá. Ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti dùn jù létí rẹ̀, ibẹ̀ ni kó gbé wúfà sí, kó padà sórí àga. Bákan náà ni yóò ṣe gbọ́ ọ láti orí àga.

Láti àárọ̀ ni àpótí ti gúnwà sórí àga bí àna tí wọn ò tíì fún lómi. Ibo ló sì ti wá dùn jù? Ìdí ẹ̀rọ mi, lẹ́bàá fèrèsé, ibi kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ gidi ń gbà wọlé. Ó ní kí n kó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á ra gílóòbù iná síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mi ò ti lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án gangan!

Mo sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí. Ó ní ó rẹ òun náà, ẹni tó bá wakọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ yẹ kó gbọ́ orin kan dáadáa lọ́jọ́ ìsinmi. Kò purọ́, bí ọrùn rẹ̀ ṣe gan ń sọ ọ́. Àmọ́ nínú ilé yìí, ta ni kò rẹ̀?

Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé ibí yìí ló dùn jù.

"Kò síbi tó dà bí ẹ̀ nínú ilé yìí. Bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde."

Mo dìde. Mo di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á sókè, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́. Mo mú un jókòó sórí àpótí ìjókòó mi nídìí ẹ̀rọ, mo sì ju ṣòkòtò ọmọléèwé tí mi ò tíì ṣẹ́ létí sí i lẹ́sẹ̀.

"Ó ti yanjú nìyẹn, Bàbá wa. Ẹ fi wúfà yín sílẹ̀ lórí àga yẹn. Ẹ jókòó síbí kí ẹ máa gbádùn ẹ̀. Tí ẹ bá rán ìyẹn tán, òmíràn ṣì wà nínú àpò."