Agogo Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín kú sí ẹnu Wùmí. Ó ń han lọ́wọ́ bó ti máa ń han, àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe ṣàdédé ń lọ sílẹ̀, tó lọ sílẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Dókítà Ọmọ́ṣadé Ògúnjọbí tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òórùn rọ́bà tó jóná ti ń wọlé láti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rọ náà wà. Eyín ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà ti là sílẹ̀, ìdajì ibi tó jẹrà ṣì wà nínú ihò, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

Magdalene, nọ́ọ̀sì ará Kerala ní Íńdíà tó dúró sí apá kejì àga, gbójú sókè wò ó. Láti ọjọ́ tí Ọmọ́ṣadé ti ṣí ilé ìtọ́jú eyín yìí ní Rolla, ní Sharjah, ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọdún mọ́kànlá gbáko, ojú ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú Magdalene ń sọ ni pé irú ọjọ́ wo ló yẹ kí ẹ̀rọ bàjẹ́, tí kò fi bàjẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ó mọ̀ pé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Dókítà fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé ní Jumeirah Village Circle, ní Dubai lọ́hùn-ún, kí ó fi ilé ìtọ́jú náà lé ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́. Wọ́n á yọ pátákó orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á fún un ní yàrá kan nínú ilé tiwọn tó ń dán gbinrin, á máa wọlé láàárọ̀, á máa jáde nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ tó bá sì bàjẹ́, ẹjọ́ ẹlòmíràn ni.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí jẹ́ ẹni tí nǹkan kékeré ń lé sá. Nígbà àrùn Kòrónà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ la ẹnu níwájú ẹnikẹ́ni, ó ń wá ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́, ó ń gbálẹ̀, ó ń jókòó. Nígbà tí òjò ńlá sọ òpópónà Sharjah di odò, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, òun àti Magdalene fi ike gbọ́n omi jáde láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì yọ eyín bàbá kan lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Ọmọ́ṣadé kò sì wò ó rí.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn yàtọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó ń ra ọjà ní Deira, ní Dubai, tí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó, àwọn ará ìjọ, àwọn ọmọ tó ń gbé ní bedspace, tí wọ́n ń sanwó ibùsùn kan ṣoṣo nínú yàrá, ní ẹ̀yìn Rolla, gbogbo wọn ń wá. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Wọ́n á sì lọ ráúráú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́wàá wọn tó ń béèrè ọjọ́ tí òun yóò padà wá. Ọdún kìn-ín-ní, ó rò pé ìrìn àjò ló ń gbé wọn lọ. Ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Bóyá ọwọ́ náà ti wúwo, tí ojú sì ń ti àwọn ènìyàn láti sọ fún un. Nígbà tí Ọláyọdé, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí tó wá di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á, sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe é tó, ẹ wá sinmi," ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tù ú nínú pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹnu Wùmí là sílẹ̀ nísinsìnyí. Ọmọ́ṣadé ní kí Magdalene gbé àpótí irin kékeré wá láti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ṣíbí tíntín tí a fi ń họ ihò eyín ló wà níbẹ̀, èyí tó fi ṣiṣẹ́ nígbà tó jẹ́ agùnbánirọ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí, níbi tí kò ti sí iná mànàmáná, tó jẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn aláìsàn ti ń to lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ jáde lọ́wọ́, díẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tí ó ní ó ti wúwo! Ṣíbí náà ń rìn nínú ihò bí ẹni tó mọ ibi gbogbo nínú ilé.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kò han mọ́, yàrá náà dákẹ́, Ọmọ́ṣadé sì ń gbọ́ èémí ọmọbìnrin náà. Ó ń fà á wọlé, kò tètè ń jẹ́ kó jáde. Dókítà wo ojú rẹ̀. Omi ti ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ojú wọnú etí. Ó wo ìsàlẹ̀. Lórí ikùn Wùmí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ òsì mú pinpin, èékánná sì ti wọ ara.

Ọmọ́ṣadé gbé irin kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

Wùmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà béèrè pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí ló wá dé tí o ò gbé ọwọ́ sókè?"

Ọmọbìnrin náà wo ìwé tó wà lára ògiri níwájú àga. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, lédè Lárúbáwá àti lédè Híńdì pé bí ó bá dùn ọ́, gbé ọwọ́ òsì rẹ sókè. "Ọwọ́ òsì ni wọ́n ní, mà," ó wí, ètè rẹ̀ kò tíì ṣí dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè na ọwọ́ òsì sí yín. Ẹ tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní Deira, Aunty Azeezat, àwọn náà ti sọ fún mi. Wọ́n ní ọwọ́ yín dáa gan-an, but kí n ṣáà di ara mi mú, tó bá ti parí, khalas, ó tán nìyẹn."

Ọmọ́ṣadé na ọwọ́ sí Magdalene fún abẹ́rẹ́. Ó fún ọmọbìnrin náà ní abẹ́rẹ́ ìpàrora kejì, ó dúró, ó fi orí irin kan ẹ̀gbẹ́ eyín náà títí Wùmí fi ní òun kò mọ nǹkan kan mọ́, lẹ́yìn náà ló họ èyí tó kù tó sì dí ihò náà. Ẹnu yà Wùmí. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó lè má dun ènìyàn rárá.

Nígbà tó lọ tán, Ọmọ́ṣadé dúró níwájú ìwé ara ògiri náà. Ilé ìtọ́jú tí ó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ní Dubai ló ti rí irú rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ ọ̀kan fún òun náà, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òfin náà kò kúkú burú. Apá ọ̀tún aláìsàn ni dókítà ń jókòó sí, apá ibẹ̀ ni irin ń gbà kọjá. Bí ènìyàn bá ṣàdédé na ọwọ́ ọ̀tún, á gbá irin mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bàbá ará Íjíbítì kan tilẹ̀ wà tí kì í dúró de ọwọ́ kankan, "Khalas!" ni á máa pariwo kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ní Ìbàdàn tó ti kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó nílò òfin. Ẹni tí eyín ń dùn kì í dá wá síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ á jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ni á máa sọ pé dókítà, ẹ dúró ná, ẹ ò rí i bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò? Ibí, kálukú ń dá wá ni. Òun, ọmọ Ògúnjọbí, tó mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ló wá ń pàṣẹ fún àwọn ọmọlọ́mọ pé kí wọ́n nà án sí òun lójú.

Kò tíì gbà á tán síbẹ̀. Ó gun orí àga náà fúnra rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ní kí Magdalene mú dígí kékeré kí ó bẹ̀ wò ó lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Magdalene fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, irun rẹ̀ ti funfun. Ó tẹ̀ wá síwájú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́," ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀ tó sì ń sọ fún gbogbo ayé, Lárúbáwá àti Híńdù. Ọmọ́ṣadé fẹ́ gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ náà dé àyà, ó dúró. Ó tún un gbé, ó tún dúró síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà nítorí pé ó fi gbé omi fún àlejò, ó sì dà bí ẹni pé ọwọ́ náà kò gbàgbé. Ó bú sẹ́rìn-ín lórí àga. Lẹ́yìn náà ẹkún gbọ̀n ọ́n, Magdalene sì dì í lọ́wọ́ mú títí ó fi tán.

Aago méjì ló pe Azeezat. Oníṣòwò ni, aṣọ àti bàtà ló ń kó lọ sí Èkó, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn sì ni Dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gbòǹgbò eyín rẹ̀, tí Azeezat kò sì padà wá kí ó parí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣàlàyé nípa kọ̀ǹténà tó há sí etíkun. Ọmọ́ṣadé jẹ́ kó sọ tán, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ó dùn ún lórí àga lọ́jọ́ náà.

Azeezat pa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà tì. "Mummy, kí n má purọ́ fún yín," ó wí. "Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ọ̀run. But ṣé ẹni tó ń ṣe mí lóore ni mo fẹ́ máa na ọwọ́ òsì sí?"

Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, kó sì padà wá. Ó bẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé ṣe ń bẹ àgbà, débi tí ojú fi ń ti Azeezat, tó ń sọ pé ó tó, mà, ó tó. Ó ní eyín náà tilẹ̀ ń jí òun láti àná. Ó ní òun lè wọ bọ́ọ̀sì wá nísinsìnyí, àmọ́ aago mẹ́rin kò ní ṣàìlù kí òun tó dé.

Aago mẹ́rin. Ọmọ́ṣadé wo báàgì rẹ̀ tó ti kó ìwé sí látàárọ̀. "Ẹ máa bọ̀," ó wí.

Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ọláyọdé pé kó má dúró de òun lágogo mẹ́rin. Ọkùnrin tó wá wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ní bẹ́líìtì rẹ̀ ló já, ọ̀la ni òun máa rí òmíràn rà. Ọmọ́ṣadé ní kò burú, gbòǹgbò eyín kò nílò ẹ̀rọ, irin tíntín tó dà bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ọwọ́ ló sì ń yí i. Ó yọ ìwé ara ògiri náà kúrò. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sí ibi tábìlì iwájú, ó gbé agogo kékeré tí àwọn aláìsàn fi ń pe ènìyàn bí wọ́n bá bá ibẹ̀ lófo, ó fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ọ̀tún àga, níbi tí ìka lè tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ gbéra.

Azeezat dé pẹ̀lú òógùn lójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú díẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Dókítà dì í mú, ó sì fi agogo náà hàn án. Azeezat wò ó, ó wo Dókítà, ó gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e lórí bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ìdúró díẹ̀, lẹ́yìn náà irin tíntín. Fóònù Dókítà ń mì lórí tábìlì iwájú, Ọláyọdé ló ń pè, Magdalene kò sì lọ gbé e. Ọmọ́ṣadé ń yí irin náà láàárín ìka méjì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò sí nínú eyín, ìka ọwọ́ ọ̀tún Azeezat ló wà. Gbòǹgbò kìn-ín-ní lọ wẹ́rẹ́. Ó wọ èkejì, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

Agogo dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì dún sókè.

Ọmọ́ṣadé gbé irin kúrò lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tijú ara rẹ̀, nítorí ara ló ń ro ọmọ ọlọ́mọ. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn, ó dúró títí ó fi mú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Agogo náà kò dún mọ́ títí wọ́n fi parí.

Azeezat dìde jókòó. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún un kàn, bí ẹni tó ń wá nǹkan kan tí kò rí. Fóònù tún ń mì níta.

"Mummy," ó wí, "ọjọ́ wo ni kí n padà wá?"

Ọmọ́ṣadé ti yọ ìbọ̀wọ́ kan, èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì tí orúkọ ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà lára wọn, ó wá bírò títí, Magdalene ló na tirẹ̀ sí i. Ó kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ sí i, aago mẹ́rin.