Sátidé Káfíńtà

Ọkọ mi, Adémọ́lá, kì í parọ́ nílé. Bó bá jẹ ẹran inú ìkòkò, á jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa ní àdúgbò Ogida, tó béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ òun á parí, ọkọ mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Sátidé, láìsí wàhálà." Àga ṣọ́ọ̀ṣì, Sátidé. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó tuntun, Sátidé. Igi tí wọn ò tíì là, Sátidé náà ni.

Ojú ló ń tì í. Ó gbà pé àrífín ni kéèyàn wo àgbà lójú kó ní kò ṣeé ṣe. Àwọn oníbàárà náà kò sì gọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan níparí oṣù á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun fẹ́ ẹ. Ọkọ mi parọ́, àwọn náà parọ́, ibi tí irọ́ méjèèjì bá ti pàdé ni tábìlì á ti jáde. Èmi tí mò ń gbé fóònù ni wọ́n ń bú.

Bí Dókítà Fọláyẹmí ṣe dé láti àdúgbò Ugbor nìyẹn. Olùkọ́ yunifásítì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi. Ìyá rẹ̀ ṣubú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, Màmá sì ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá kò gbọdọ̀ gun bẹ́ẹ̀dì gíga, kò sì gbọdọ̀ sùn sílẹ̀. Dókítà fẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ Màmá á kanlẹ̀ dáadáa tó bá jókòó sí i. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni Màmá ń dé. Ọkọ mi tẹríba, ó ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀.

Inú bí mi. Igi tó fẹ́ fi kàn án ṣì tutù, a ò sì lè fi Sátidé tan ìyá arúgbó. Mo gbé fóònù, mo sọ fún Dókítà pé Sátidé yẹn kò ṣeé ṣe, èyí tó tẹ̀ lé e la máa gbé e dé, lọ́sàn-án. Mo rò pé Dókítà á dúpẹ́. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́, àwọn á wá a síbòmíràn.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "O rí òótọ́ rẹ? Ká ní irọ́ tèmi lo fi sílẹ̀ ni, jẹ́jẹ́ ni wọn ì bá jókòó."

N kò gbà. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ugbor. Dókítà fún mi lómi, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, wọn ò mẹ́nu ba bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo dá a sílẹ̀: ọjọ́ wo gan-an ni Màmá ń dé? Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n ní ká sọ tòótọ́, Sátidé kejì ni, nírọ̀lẹ́. Wọ́n kàn mú ti àkọ́kọ́ torí pé wọ́n mọ ìwà káfíńtà ni. Nígbà tí mo wá dárúkọ Sátidé kejì, wọ́n ṣírò ó pé bí káfíńtà bá fẹnu ara rẹ̀ sún ọjọ́ síwájú, ó di Kérésì nìyẹn.

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣèlérí pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa fi fọ́tò bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, tó fi mọ́ ibi tí iṣẹ́ kò tíì dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn náà má fi ọjọ́ kankan pa mọ́ fún mi mọ́.

Ọkọ mi ló jìyà fọ́tò. Ní Fúráìdé, pákó ibi ìgbérílé là sí méjì. Ó fẹ́ kí n ya fọ́tò ibi ẹsẹ̀ nìkan. Mo tẹ nọ́ńbà Dókítà, mo sì ki fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gbé e sétí.

"Mà, bẹ́ẹ̀dì á dé lọ́la, ṣùgbọ́n kò ní ní ìgbérílé. Pákó rẹ̀ ti là, mò ń wá òmíràn."

Wọ́n ní ó ṣeun tó tètè sọ. Ọkọ mi ń wo fóònù, ó ń yà á lẹ́nu pé wọn ò bú òun.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n jókòó sí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ wọn sì kanlẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n fọwọ́ pa igi náà, wọ́n wo ọmọ wọn.

"Fọláyẹmí, ta ló ń kan bẹ́ẹ̀dì tuntun fún àlejò ọ̀sẹ̀ méjì?"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìṣó wò. Dókítà ní kí Màmá má ṣèyọnu, kí ara kọ́kọ́ yá ná. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ Dókítà, n kò gbójú kúrò. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ padà lọ dá gbé. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀dọ̀ mi ni mo fẹ́ kí ẹ máa gbé."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú ni mo ti ń retí kó o sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Mo ti gbà pé o ò fẹ́ mi ni."

Dókítà rọra gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Mo fa ọkọ mi lápá, a jáde.