Ariwo Láti Yàrá Ọ̀gá

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà fi gba ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ ògbólógbòó. Ó bá àwọn aláṣẹ jiyàn títí ẹnu fi ń hó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbé Línúsì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sórí gbogbo kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tí ó tún ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ pé obìnrin ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀sùn Ìyá Apòògùn fi wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara ní ìpàdé àná.

"Ọ̀gá, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, wáìfáì yín a kú. Àwọn aláìsàn a sì tò lọ rẹrẹ."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mà," ni ó fèsì lójú gbogbo òṣìṣẹ́. "Línúsì fi hàn pé ìgbì rẹ̀ lágbára, òdo sì ni ariwo, ìyẹn ìgbì mìíràn tó lè dí i lọ́wọ́. Ọwọ́ yín ló ń da ẹ̀rọ rú. Ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Apòògùn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi sápò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn aláṣẹ ti ní kí ó lọ máa ka páálí oògùn nínú yàrá ìkẹ́rùsí.

Lónìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí Ìyá Apòògùn ń lò. Ó pàṣẹ fún un kí ó máa pe ẹ̀rọ tó ń pín wáìfáì láìdẹ́kun. Ìdáhùn ń wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ́. Ó yọ́ lọ sí yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó ti oúnjẹ ọ̀sán bọ máíkíróweefu kí ó gbóná, ó tàn án, ó padà. Ìdáhùn ti dákẹ́. Síbẹ̀, ìgbì lágbára. Òdo ni ariwo.

"Ha, ọ̀gá!" ni ọmọbìnrin tó ń pín oògùn wí. "Ṣé ọwọ́ tiyín náà ti ń dà á rú ni?"

Lẹ́yìn ògiri, agogo máíkíróweefu dún. Ìdáhùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ó lọ gbé ife omi sínú rẹ̀, ó tún tàn án. Wáìfáì tún kú. Nígbà tó ka ìwé ìtọ́ni, ó rí i pé irú ẹ̀rọ wáìfáì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kì í wọn ariwo rárá. Òdo ni Línúsì máa ń kọ síbi tí kò bá ti rí nǹkan kọ. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ ibẹ̀.

Ó bá Ìyá Apòògùn láàárín páálí.

"Ìyá, ariwo máíkíróweefu mi ló ń pa wáìfáì. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ forí jì mí, mà."

Ìyá wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé e. "Ẹ̀yin nìkan lẹ wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ kú ìrìn." Ó padà sídìí páálí rẹ̀.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó ti dójú ti Ìyá. Ẹ̀bẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó jẹ ẹ́.