Ilé Tí Fadá Ní Kí Wọ́n Fò

Tí Fadá Olúwajùwọ́nlọ bá ti bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nù ún lẹ́yìn tí ìjọ ti gba Ara Olúwa tán, kí oníkálukú yáa jókòó dáadáa, kò sẹ́ni tó tíì ń lọ sílé. Fadá fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Ó ní ìwé pélébé kan tó ń tẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó pè ní Ìròyìn àti Àròjinlẹ̀, tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà bí ìjọ bá ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á nílé. Àmọ́ Fadá ò ní gbà. Yóò kọ́kọ́ kà á sí wọn létí láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dé iléèwé rí láti Màpó títí dé Bẹyẹrúnká. Ta ló bímọ, ta ló kú, ta ló ń tẹ fóònù nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kì í dárúkọ ẹni tó bá fẹ́ bá wí. Ó kàn máa júwe rẹ̀ ni, títí gbogbo orí á fi yí sọ́dọ̀ onítọ̀hún.

Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, inú Ẹ̀bùnọlá dùn. Ó tètè dé, ó jókòó síwájú, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Oṣù Rósárì ni, oṣù kẹwàá, Fadá sì ti ṣètò pé kí ère Màríà máa sun ilé kọ̀ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìjọ. Wọ́n á gbé e pẹ̀lú orin láti ilé ẹni tó gbà á lánàá lọ sílé ẹni tó kàn. Ọ̀sẹ̀ yìí ló kan Bẹyẹrúnká, Ọjọ́rú ni wọ́n sì fún Ẹ̀bùnọlá. Fadá fúnra rẹ̀ ló fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun kékeré ni. Pópó Yemọja ni wọ́n ti bí Ẹ̀bùnọlá, Àgùdà pọ́ńbélé, ọmọ kátíkíìsì. Muhydeen tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe l'Ọ́jà'ba ló fẹ́, ó sì bá a lọ sí agboolé Oníkàngá, níbi tí gbogbo wọn ti ń kírun. Bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, kò jí ọkọ fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pè é lórúkọ rẹ̀. Ní agboolé, Ìyàwó Onírósárì ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Mutmainnah ni, orúkọ ìmàle tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́, ẹ̀rín díẹ̀ á sì máa yọ létí ẹnu ẹni tó ń pè é. Ó ti fara dà á títí ó ti sú u.

Kí ọjọ́ Àìkú yìí tó dé, nígbà tó sọ fún Muhydeen pé ère ń bọ̀ wá sùn sílé, ọkọ rẹ̀ ní kí òun kọ́kọ́ bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀. Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ra rẹ̀ lọ́rùn.

"Ère? Nínú agboolé tí bàbá wa ti ń kírun? Muhydeen, ṣé orí ẹ pé?"

Ìyá wọn, Ìyá Àgbà, ló dá a lóhùn láti orí ẹní tó jókòó sí. "Sàláú, rọra. Màríyámọ̀ ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ṣé o ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwọn Áfáà rí ni? Ìyá Ànábì Íísà ni."

"Ìyá, màá gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ère ẹ̀ ni mi ò fẹ́ rí."

"O ò ní rí i. Wọn ò ní dúró lágbàlá, wọn ò ní forí balẹ̀ fún nǹkan kan lójú wa. Mo ní aṣọ funfun kan tí mo rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Wọ́n á fi bò ó, ó di yàrá ìyàwó. Ọdún mélòó ni ìyàwó yìí ti ń bá wa jí sáárì, tó ń dáná fún wa? Kò bẹ̀ wá ní nǹkan kan rí. Ẹ jẹ́ kó gba àlejò ẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Muhydeen kun yàrá. Ìyá Àgbà gbé aṣọ funfun náà jáde látinú àpótí, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e sórí tábìlì Ẹ̀bùnọlá. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe yàrá nìkan ni wọ́n tún ṣe. Iyì tí ọkọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ní lágboolé ni wọ́n fi dúró fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Fadá wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ẹ̀yin ará," ó kà, "ère Ìyá wa kì í ṣe ẹrù tí a lè sọ̀ kalẹ̀ síbi gbogbo. Ilé kan ń bẹ ní Bẹyẹrúnká tí ìgbàgbọ́ kò tíì kún ibẹ̀ tán. A ó fo ilé náà lọ́dún yìí. Kí arábìnrin wa tó ń gbé ibẹ̀ túbọ̀ tẹra mọ́ àdúrà, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ní Ọjọ́rú, láti ilé Tíṣà Oyèdélé, Ìyá wa yóò kọjá tààrà sílé Bàbá Akínwùmí."

Gbogbo orí yí. Arábìnrin tó ń gbé láàárín àwọn ìmàle ní Bẹyẹrúnká, ẹyọ kan ṣoṣo ni, aṣọ ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló sì wọ̀ sílẹ̀ fún ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Tẹniọlá, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ pé kó pẹ̀lẹ́. Ẹ̀bùnọlá gbọn ọwọ́ náà dànù. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà inú bí i, inú náà sì bí i ju bí ojú ṣe tì í lọ.

Nígbà tó délé, tó sọ ọ́, Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Àwa ò fẹ́, wọ́n ní ká fẹ́. A wá fẹ́ tán, àwọn tìẹ ò fẹ́ ẹ. Ìyàwó, ibo gan-an lo wà?"

Muhydeen wọ bàtà rẹ̀, ó gba Ọjà'ba lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Àgbà kàn wọlé, ó ká aṣọ funfun orí tábìlì, ó gbé e padà sínú àpótí rẹ̀. Ìyẹn ló dun Ẹ̀bùnọlá jù. Ká ní ìyá náà bú u ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gba ọ́fíìsì Fadá lọ. Fadá ń mu tíì. Ó ní kó jókòó, kò jókòó.

"Fadá, ta ló sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ ò kún ilé mi?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Mo gbọ́ pé ìjà ṣẹlẹ̀ lágboolé yín lórí ọ̀rọ̀ ère yẹn. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń pariwo. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi Ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ gbọ́ pé ó pariwo. Ẹ ò gbọ́ pé ìyá ọkọ mi pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ò bi mí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò pè mí."

"Ojúṣe mi ni láti dáàbò bo ohun mímọ́."

"Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà tó fọ aṣọ dè é?"

Fadá gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, irú ohùn tó fi ń bá àwọn tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó, Màmá, mo ní ère kékeré kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màá fi sínú báàgì, màá yà sọ́dọ̀ yín wẹ́rẹ́, a ó gbàdúrà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ṣé mo jí i ni?" ni Ẹ̀bùnọlá bi í. "Àárín ìjọ lẹ ti sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ padà láàárín ìjọ."

"N kì í pa ohun tí mo bá ti kọ sínú ìròyìn rẹ́. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbà mí gbọ́ mọ́?"

Ọkùnrin tí Ẹ̀bùnọlá lè bí! Ó wò ó, ó wo tíì iwájú rẹ̀, ó jáde. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń dá sọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́kadà sì ń yà fún un.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ọ̀nà ilé Tíṣà Oyèdélé. Ohun tí Fadá ò fi sí ìròyìn rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbẹ́ ojú títì ibẹ̀ nítorí gọ́tà, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ dé ilé Bàbá Akínwùmí, àfi kó gba àgbàlá Oníkàngá kọjá. Láìpẹ́, Fadá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà agboolé pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́, Tẹniọlá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ère láyà, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kọrin ṣùgbọ́n ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Ilé tí wọ́n ní àwọn máa fò náà ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ẹ̀bùnọlá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní fàráńdà. Sàláúdéènì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tiẹ̀ ní òdìkejì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Fadá ò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ kànga nígbà tí òjò dé. Kò ṣú tẹ́lẹ̀, kò kùn. Ó kàn bọ́ lu páànù lẹ́ẹ̀kan náà ni, irú òjò oṣù kẹwàá tó máa ń fi ìbínú dágbére. Orin dá. Àwọn èèyàn sá kiri, oníkálukú ń wá etí òrùlé tó máa fi orí pamọ́ sí.

"Ère ẹfun ni o!" Fadá pariwo, ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun, gbogbo Bẹyẹrúnká sì gbọ́ ọ. "Òjò ò gbọdọ̀ kàn án! Ẹ bá mi gbé e wọlé!"

Tẹniọlá dúró gbagidi láàárín àgbàlá, ó fi ara bo ère náà, kò mọ ilé tó máa wọ̀.

"Gbé e wá," Ẹ̀bùnọlá ké sí i.

Tẹniọlá sáré gun fàráńdà. Ẹ̀bùnọlá na ọwọ́ méjèèjì, ó gba Màríà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ, ó gbé e wọlé, ó gbé e sórí tábìlì. Nígbà tó yí padà, ẹsẹ̀ kan Fadá ti wà lórí ẹnu ọ̀nà, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ọlọ́run á—"

"Ẹ dúró níbẹ̀, Fadá."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ dúró níta. Ìgbàgbọ́ ò tíì kún ibí tán. Mi ò fẹ́ kó ṣe yín ní nǹkan kan."

"Ìyáàfin! Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ o!"

"Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ mí."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi irin dábùú rẹ̀. Tẹniọlá bú sẹ́rìn-ín níta, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Ilẹ̀kùn inú tó já sí pálọ̀ Ìyá Àgbà ṣí. Ìyá náà wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, aṣọ funfun wà lápá rẹ̀. Ó wo ère náà fún ìgbà pípẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sún mọ́ irú rẹ̀. Òjò ti ta sí i lójú díẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ búlúù sì ti ṣàn wá sí àgbọ̀n.

"Ọmọdé ni," Ìyá Àgbà wí. "Mi ò mọ̀ pé ọmọdé ni. Ojú ẹ̀ ti tutù." Ó fi etí aṣọ náà nù ún, ó rọra nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn. Lẹ́yìn náà ó fi èyí tó kù wé e lórí wá sí èjìká, ó sì tún un ṣe dáadáa.

Fadá ń kanlẹ̀kùn.

"Ìyàwó, ó ń kanlẹ̀kùn o."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Ṣé ká ṣí i? Ọmọ ọlọ́mọ ni, òjò ń pa á."

"Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i."

Wọ́n gbọ́ ohùn Sàláúdéènì láti òdìkejì àgbàlá, ó ń pariwo borí òjò. "Fadá! Ẹ̀yin náà ẹ ò mọ ibi tí ẹ máa wọ̀ ni? Ẹ máa bọ̀ níbí, ẹ wá jókòó! Èmi àti ẹ̀yin ò kúkú fẹ́ kí ère yẹn wọlé!"

Ìkanlẹ̀kùn dáwọ́ dúró. Wọ́n gbọ́ bàtà Fadá nínú omi, ó ń sá lọ sódìkejì. Ìyá Àgbà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀, ó mú rósárì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lè gbàdúrà, inú ṣì ń bí i. Ó mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Fadá á bọ́ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á sì ka ọ̀rọ̀ òun sí etí gbogbo ìjọ. Kó kà á. Kó kọ ọ́ kó kún ìwé náà bámúbámú. Ṣùgbọ́n kó dárúkọ òun lọ́tẹ̀ yìí, Ẹ̀bùnọlá, ti agboolé Oníkàngá, níbi tí Màríà sùn ní Ọjọ́rú.