Òkúta Tí Wọ́n Kọ Liao Sí

Liao Pingkun kò sin ọmọ rẹ̀. Ní Siluo, ìlú rẹ̀, òbí kì í sin ọmọ. Irun funfun kì í tẹ̀lé òkú irun dúdú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sun òkú Chunhung ní Taipei, ọgbà ni bàbá rẹ̀ wà, láàárín ọgọ́ta ìkòkò tí ẹ̀wà dúdú ń kan nínú iyọ̀ láti di omi ọbẹ̀ tó ń tà. Ó ń fọwọ́ kan ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ṣí wọn, nítorí wọn kò tíì tó ṣí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Peichen, ìyàwó Chunhung, fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ojú ihò ara ògiri tí wọ́n gbé eérú Chunhung sí ni, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Pingkun kò lè tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé fóònù náà lọ sí ilé àwọn baba ńlá, kí Chingpiao tó ń tọ́jú ibẹ̀ lè kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé ìdílé.

"Pingkun! Ṣé àwọn ìkòkò gbà kí o jáde lónìí?" Chingpiao rí ojú rẹ̀, ó sì pa ẹ̀rín mọ́. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Liao ni wọ́n kọ."

"Liao kẹ̀?"

"Wò ó fúnra rẹ."

Ó ti ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ, lókè òkun, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chang lọ gbé ilé àna rẹ̀. Liao ni àna náà, kò sì bí ju ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ. Ó fún Chang ní ọmọ, ilé àti ilẹ̀. Nígbà tí Chang ń kú lọ, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kí gbogbo àtọmọdọ́mọ òun máa jẹ́ Liao níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láàyè, kí oore àna òun má baà parun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kú, kí wọ́n máa jẹ́ Chang, kí àwọn baba òun lè dá wọn mọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí Liao kankan nínú ìdílé yìí tó wọ sàréè pẹ̀lú orúkọ tó fi jẹun.

"Ṣé kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó lè sọ fún wọn ni?" Chingpiao bi í.

"Ta ni ìbá wà níbẹ̀? Èmi nìkan ló kù."

"O ò sì lọ."

"Ṣé ó yẹ kí n lọ ni?"

Chingpiao dá fóònù náà padà fún un. "Kò yẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé báyìí. Chang ni gbogbo àwọn òkú tí orúkọ wọn wà lórí pẹpẹ yìí. Bó bá kanlẹ̀kùn pé Liao lòun, àlejò ni wọ́n máa pè é."

Pingkun pe Peichen.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n mú orúkọ rẹ̀ wá, mo sì fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n kọ."

"Chunhung ò sọ fún ẹ?"

"Ẹni ọdún méjìdínlógójì, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ikú kọ́ la máa ń sọ nílé." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Màá ní kí wọ́n tún un kọ."

"Kíkọ nìkan kò tó. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí i létí, kó lè mọ orúkọ tí yóò máa dáhùn. Mò ń bọ̀."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò yẹ kí òbí..."

"Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ."

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Taipei láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹni tó ń kọ òkúta níbi tí eérú Chunhung wà jẹ́ ọlọ́rọ̀ ẹ̀fẹ̀. "Bàbá, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ orúkọ òkú. Mi ò tíì rí ẹni tó kú tán tó wá ń pààrọ̀ ìdílé. Àbí ọlọ́pàá ń wá a ni?"

Peichen wolẹ̀.

"Kò pààrọ̀ nǹkan kan," Pingkun wí. "Ilé ló lọ."

Ọkùnrin náà tẹrí ba sórí òkúta tuntun, ó sì kọ ọ́ tán. Kó tó fi í dí ihò náà, Pingkun súnmọ́ ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí ìkòkò eérú náà. Ó kéré. Èyí tó kéré jù nínú ọgbà rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

"Chunhung," ó ní, "Chang ni ọ́ báyìí. Bí wọ́n bá pe Chang, kí o dá wọn lóhùn."

Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Òkúta àkọ́kọ́ yìí ńkọ́?" ọkùnrin náà béèrè. "Ṣé kí n fọ́ ọ?"

"Bá mi dì í."

Peichen bẹ̀ ẹ́ pé kó sùn síbẹ̀. Pingkun ní àwọn ìkòkò òun kò lẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ó gbé òkúta náà lé itan títí dé Siluo. Obìnrin tó jókòó tì í bi í pé ṣé dígí ni. Ó ní rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Chingpiao kọ Chang Chunhung sínú ìwé, ó sì fi iná sí tùràrí. Pingkun dúró títí ó fi jó tán, ó padà sílé, ó tú òkúta náà. Ó wá ìkòkò tí Chunhung bá a dí lẹ́nu nígbà ọdún tuntun tó kọjá, ó gbé òkúta náà lé ìdérí rẹ̀, ó kọjú orúkọ náà sókè. Liao méjì ló kù nínú ọgbà náà.

Ó mú ìgbálẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí ìkòkò náà tó tó ṣí.