T Kì Í Ṣe “Ti Kú”

“Jùwọ́n, ẹ̀rọ rẹ ti kú o!”

Alhaji Ajíbóyè, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé wa ní Alekuwodo, l'Óṣogbo, ló ké bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà. Mo sáré dì í mú.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á! A ò tíì fi nǹkan kan pamọ́.”

Bàbá Ògúndélé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ogún ọdún ló fi kó ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà jọ sínú ìwé, ikán sì jẹ ìwé náà tán. Láti òwúrọ̀ ló ti ń pe èyí tó ṣì rántí fún Sikirat, tó ń tẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, Sikirat ń tẹ lẹ́tà, nǹkan kan ò hàn.

“Bó bá sọ nù,” ni Bàbá wí, “mi ò lè tún un pè mọ́.”

Alhaji kọjú sí mi. “Ìwọ lo gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ yìí, dé láti yunifásítì. Ọ̀fẹ́ náà rèé!”

Mo tẹ Control, Alt àti F2 pọ̀. Ojú ẹ̀rọ di dúdú. Mo fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mi wọlé, mo béèrè orúkọ gbogbo ètò tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: S fún èyí tó ń sùn, R fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. T ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ìkọ̀wé wa.

Alhaji bojú wò ó. “T! Ti kú! Mo sọ ọ́!”

“Rárá, Alhaji. Ti dúró ni. Ẹnì kan ló dá a dúró. Sikirat, kí lo tẹ̀ kẹ́yìn?”

“Bàbá pe ‘ulé’, mo tẹ ‘ilé’. Wọ́n ní ará Òṣogbo ò létí. Mo wá tẹ Control àti Z, kí n fi pa á rẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe ní ibi iṣẹ́ mi àtijọ́.”

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Lórí ẹ̀rọ wa, fèrèsé tí máòsì bá wà lórí rẹ̀ ló ń gba àṣẹ. Máòsì ti yọ̀ bọ́ sórí fèrèsé kékeré tí a fi pe ètò náà. Níbẹ̀, Control àti Z kì í pa nǹkan rẹ́. “Dúró” ló túmọ̀ sí. Nígbà tí Sikirat fi máa dá máòsì padà sórí ìwé Bàbá, ètò náà ti dúró.

Mo padà sí ojú ẹ̀rọ tí a ti ń ṣiṣẹ́. Fèrèsé ńlá tí ìwé Bàbá wà funfun báláú. Bàbá dìde.

“Ó ti lọ?”

“Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Bàbá.”

Mo gbé máòsì sórí fèrèsé kékeré, mo tẹ lẹ́tà méjì péré, f àti g, àṣẹ tó ní kí ètò tó dúró máa bá iṣẹ́ lọ, mo sì tẹ Enter.

Ọ̀rọ̀ ya bo ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ilẹ̀, títí dórí “ilé” tó dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà tí Sikirat ti ń tẹ̀ nínú ìpayà tú jáde: kkkkkkkk.

“Èyí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà,” ni Bàbá wí. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Sikirat pa á rẹ́, ó yọ i, ó fi u sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi iṣẹ́ náà pamọ́.

Alhaji wá sún mọ́ mi. “Ọ̀gá mi,” ó rẹ ohùn sílẹ̀, “kọ lẹ́tà méjì yẹn sílẹ̀ fún mi.”